Awakọ̀ Àgbà ní Ilẹ̀ Àjèjì

Ọkùnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì fi ọkọ̀ gbá ènìyàn rí. Ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ ní orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù Áfíríkà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì lọ kí ìyá ọmọ. Wọ́n háyà ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí ìlú tí ọmọ wọn ń gbé jìnnà.

Wọ́n yà sí ilé epo tó wà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ náà. Ọ̀dọ́bìnrin tí ń ta epo níbẹ̀ rí i pé àlejò ni wọ́n.

"Bàbá, apá òsì la máa ń tọ̀ níbí o. Ẹ sì jẹ́ kí n rọ epo kún táǹkì yín. Aṣálẹ̀ ló wà níwájú, ilé epo ṣọ̀wọ́n níbẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń wakọ̀. Rọ ìdajì."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ jẹ́ kó rọ ọ́ kún." Ó san owó ìdajì, ó ṣíná ọkọ̀.

Bí ó ti jáde sójú títì, ọwọ́ rẹ̀ yí ọkọ̀ sí apá ọ̀tún, bó ti ń ṣe nílé. Tírélà kan ń bọ̀ lójúkojú. Awakọ̀ rẹ̀ fọn fèrè, ó já wọ inú iyanrìn, díẹ̀ ló kù kí ó gbá wọn. Kò sẹ́ni tó farapa.

Ọkùnrin náà lọ bẹ onítírélà. Lẹ́yìn náà ó padà sí ilé epo, ó ṣí fìlà.

"Ọmọ mi, má bínú. Kọ́ mi."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò fi í ṣẹ̀sín. Ó so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. "Apá ibi tí òwú yìí wà ni kí ẹ máa tọ̀. Bí ẹ bá dé ráńdábáòtù, ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò." Ó rọ epo kún táǹkì.

Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, wọn kò rí ilé epo mìíràn. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ-ọmọ wọn ti wà lọ́wọ́ wọn.

Àbúrò mi, lọ́jọ́ Ajé ni ìwọ yóò di ọ̀gá ní ilé ìwé tí o kò dé rí. Ogún ọdún tí o ti fi kọ́ ọmọ kò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣí géètì fún ọ mọ ohun tí o kò mọ̀ nípa ibẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, dúró gbọ́. Bí o bá sì ti ṣìṣe kí o tó gbọ́, padà lọ bá a lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Lọ, inú àwọn ọmọ ibẹ̀ yóò dùn sí ọ.