Ìdí Tí Ọkọ̀ Fi Ń Wúkọ́ Kó Tó Gbéra

Nígbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń fọhùn bí ènìyàn (ẹ má bi mí pé ọdún wo ni), kò sí ọkọ̀ tó ń wúkọ́. Bí awakọ̀ bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti gbéra. Ihò tí wọ́n ń gbà rọ epo sí i nínú kò sì ní ìdérí. Gbayawu ló wà.

Láníyọnu ní ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko. Epo bẹntiróòlù nìkan ni Píkọ́ọ̀pù yìí ń mu. Nígbà tó yá, epo wọ́n bí ojú, ebi sì ń pa á.

Ni Ọtí Líle bá wá bá a. Inú ẹmu ni wọ́n ti sè é jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wọ inú yín, kí n ran Epo lọ́wọ́. Iná a máa ràn mọ́ èmi náà."

Epo pariwo láti inú ọkọ̀. "Rárá o! Inú ẹmu kan náà ni Ọtí àti Omi jọ dàgbà. Iná ìdáná ló yà wọ́n. Bí Ọtí bá wọlé, Omi á wá a wá. Bí Omi bá sì wọ ibí, ikú dé!"

Ẹ̀rù ba Píkọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ní kí Ọtí búra pé òun nìkan lòun ń bọ̀. Ọtí búra, ó wọlé. Iṣẹ́ ń lọ geerege, Epo pàápàá ò rí nǹkan wí.

Àfi ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé. Omi dúró lẹ́nu ihò Píkọ́ọ̀pù, ó ń kán tó, tó, tó.

"Àgò onílé o. Ẹ̀gbọ́n Ọtí ni mí. Mo wá kí àbúrò mi ni."

Píkọ́ọ̀pù rántí ọ̀rọ̀ Epo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lé ẹni tó wá kí àlejò rẹ̀? Wọn ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Àgò yà," ló wí. "Ẹ kí i tán, kí ẹ máa lọ o."

Bí Ọtí ṣe rí Omi, ó gbàgbé ìbúra, ó dì mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì jọ rì sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń fa epo mu. Omi ò sì lọ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìrọbí mú Adùnọlá, ìyàwó Láníyọnu. Wọ́n gbé e sẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù, ìyá ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Orí òkè ni ilé ìwòsàn wà. Odò tó ti kún wà nísàlẹ̀.

Wọ́n gun òkè dé àárín. Píkọ́ọ̀pù fa epo, Omi ló bá lọ́nà ọ̀fun. Èémí rẹ̀ gé. Ẹ́ńjìnnì kú. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn, sí ọ̀nà odò.

"Láníyọnu, ẹ̀yìn là ń lọ o!" ni ìyá kígbe.

"Mo ti tẹ búrékì mọ́lẹ̀, Ìyá mi! Ẹrẹ̀ ni ò jẹ́ kó mú!"

Adùnọlá kàn ń wo odò ni.

Jìnnìjìnnì bo Píkọ́ọ̀pù. Ó mọ̀ pé òun lòun fẹ́ pa wọ́n yìí. Ó fi gbogbo agbára inú rẹ̀ wúkọ́: húkọ́! Omi ta jáde díẹ̀. Húkọ́, húkọ́! Táyà ẹ̀yìn ti kan odò kó tó pọ Omi tó kù jáde, tí Epo fi rí ọ̀nà kọjá. Iná ràn. Píkọ́ọ̀pù ń gbọ̀n jìgìjìgì gun òkè náà lọ.

Adùnọlá bí ọmọbìnrin, tìyá tọmọ wà láyọ̀. Láníyọnu wá ìdérí, ó fi dé ihò náà pinpin. Ọtí tó bá Omi jáde bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kó má pọ̀, kí ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

Láti ọjọ́ náà ni ìdérí ti wà lẹ́nu ihò epo ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti máa ń wúkọ́, tó máa ń gbọ̀n, kó tó gbéra láàárọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má rò pé òtútù ló mú un. Odò yẹn ló rántí.