Àpáta Tí Irin Kò Kàn
Ọnàyẹmí, obìnrin tó ń fi òkúta àti irin ṣe ère, gbẹ́ ère sílé àwọn olówó kó tó ṣe ti ààfin, inú sì bí Ọba Adégorítẹ̀. Ọba ní kó ya bàbá òun tó wàjà sára àpáta iwájú ààfin láìjẹ́ kí irin tàbí ọ̀dà kan àpáta náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi ìlú sílẹ̀. Ọnàyẹmí kúnlẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, mo gbọ́.” Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sídìí àpáta, tó ń wo bí oòrùn ṣe ń rìn. Lẹ́yìn náà ló gé irin pẹlẹbẹ kan, ó lu ihò sí i lára, ó sì rì í mọ́lẹ̀ níwájú àpáta. Nígbà tí ọba dé láàárọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ṣé irin jágajàga yìí ni bàbá mi?” Ọnàyẹmí ní, “Ẹ fún oòrùn láyè díẹ̀, Kábíyèsí.” Bí oòrùn ṣe gòkè, ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò wọ̀nyẹn kọjá: adé yọ lára àpáta, ojú yọ, ilà àbàjà mẹ́ta jókòó sẹ́rẹ̀kẹ́. Ọba nawọ́ láti fọwọ́ kàn án, ojú bàbá rẹ̀ sì hàn sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. “Ta ló gbẹ́ èyí?” “Oòrùn ni, Kábíyèsí.” Ọba tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ojú bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ní, “Ọnàyẹmí, ìlú yìí lo máa darúgbó sí.”