Fóònù Àkànmú Tó Ní Kọ́kọ́rọ́

Àkànmú télọ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ránṣẹ́ sí Morẹ́nikẹ́ lórí fóònù. Kò fẹ́ kí ará ilé kankan gbọ́ kí ọmọbìnrin náà tó fún un lésì, pàápàá ẹ̀gbọ́n òun, Ìyá Títóbi, tí ọ̀rọ̀ kì í sùn sí nínú. Ó wá ètò kékeré kan sórí fóònù, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ràdàràdà bí ilẹ̀ tí adìẹ fẹsẹ̀ ha. Òun àti Morẹ́nikẹ́ nìkan ló lè tú u.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fami nínú kànga nígbà tí Ìyá Títóbi kí i: “Ẹni tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ nítorí Morẹ́nikẹ́, ṣé o jí ire?”

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Àkànmú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣí fóònù mi wò.”

“Fóònù wo? Ìwọ tó jẹ́ pé láti ìgbà tó o ti wà nílé ìwé lo ti máa ń pe gbogbo ohun tó o bá ń kọ sókè? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.”

Nírọ̀lẹ́ ni èsì dé. Àkànmú ti fèrèsé, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì tú ọ̀rọ̀ náà. Ayọ̀ èsì náà ṣí ọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Mo gbà,” ó kà á sókè, “ṣùgbọ́n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“A ò ní sọ,” ni gbogbo obìnrin agbo ilé dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri.