Ikán àti Òkúta Ìrántí Tó Kún Ilé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, kò kọsẹ̀, ó dá lórí Ikán tó ń ta ìrántí.

Láyé ijọ́un, orí ẹranko kì í gbé ọ̀rọ̀ dúró. Àkùkọ á gbàgbé pé ilẹ̀ ti mọ́, á máa kọ lọ́sàn-án gangan. Ewúrẹ́ á jáde, ilé onílé ni yóò wọ̀. Ìyẹn ò tíì jáwọ́!

Ikán wá po iyanrìn, ó sun ún, ó di òkúta wẹ́wẹ́. Bí o bá sọ̀rọ̀ sí òkúta náà, tí o gbé e sétí, yóò rán ọ létí. Àmọ́ kì í tètè ṣeé tà o. Èyí tí wọ́n bá sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di òjò kó tó tutù.

Apẹ̀rẹ̀ kan péré ni Ikán kọ́kọ́ gbé lọ sọ́jà:

Ẹ wá ra ìrántí o,
Jàǹjàlá!
Ohun tẹ́ ẹ gbàgbé ti dé o,
Jàǹjàlá!

Háà! Wọ́n jà sí i. Àgbò kan Òbúkọ lórí, gbàgà! Orí Ikán wú. Ó sáré délé, ó sun, ó sun, ó sun. Ó kó o kún pálọ̀, ó kó o kún yàrá, ó kó o kún yàrá àwọn ọmọ.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baálé mi, níbo lẹ fẹ́ káwọn ọmọ sùn?"

"Kí wọ́n tẹ́ní síta. Ṣé o ò gbọ́ bí ọjà ṣe ń pariwo orúkọ mi ni?"

Òjò dé, òkúta tutù. Ikán gbé e dọ́jà:

Ẹ wá ra ìrántí o,
Jàǹjàlá!

Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Agbọ́n ti sun tirẹ̀. Èèrà ti sun tirẹ̀. Ẹ̀fọn pàápàá, tí kò lè gbé ẹrù, ti sun tirẹ̀! Òbúkọ ní, "Mo ti ní. Àbí orí méjì lo rí lọ́rùn mi?" Nígbà tó yá, ẹlẹ́pà ń fi òkúta ìrántí ṣe ènì. Àwọn oníbàárà ní kó kúkú bu ẹ̀pà sí i.

Ikán kó gbogbo rẹ̀ padà sílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Akìká tí í jẹ ikán gbóòórùn àwọn ọmọ níta. Fín-ín, fín-ín, fín-ín! Àwọn ọmọ sáré sẹ́nu ọ̀nà, òkúta ti dí i pa. "Ìyá wa o!" Àyà Àwẹ̀ró já. Ó ń da òkúta láti ojú fèrèsé sínú odò tó wà lẹ́yìn ilé, pọ́-ún! pọ́-ún! pọ́-ún! Bí ọmọ tó kẹ́yìn ṣe ráyè wọlé ni ahọ́n Akìká kan ilẹ̀kùn.

Inú bí Ikán pé gbogbo òkúta rẹ̀ ti bá odò lọ, ó fọ́ ààrò tó fi ń sun ún túútúú.

Kò pẹ́ tí Àjànàkú fi dé, gììrì, gììrì. "Ikán, ọ̀gbẹlẹ̀ ń bọ̀. Gbogbo odò ayé ni mo fẹ́ rántí. Òkúta tó kún ilé ni mo fẹ́ rà."

Ikán bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ dúró kí n sun òmíràn!"

"Kó tó tutù, àwọn ọmọ mi á ti gbẹ." Ó yà sọ́dọ̀ Agbọ́n, tó ti kó tirẹ̀ kọ́ sórí igi pamọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ Ikán gbọ́n? Ó tún po iyanrìn, ó ń ká ẹní àwọn ọmọ kí òkúta lè rí àyè! Àwẹ̀ró gbé ọmọ odó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Baálé mi, ẹ ká ẹní yẹn tán, kí n ká yín mọ́ ọn."

Ikán wo Àwẹ̀ró, ó wo ọmọ odó, ó tẹ́ ẹní padà. Títí dòní, iyanrìn ni Ikán ń gbé lẹ́nu, yàrá ló ń fi kọ́.

Ààlọ́ mi kọ́ wa pé ohun tó ń pẹ́ kó tó jinná, a kì í fi ariwo ọjà òní wọ̀n ọ́n. Kí oníṣòwò sì tó kó ẹrù wọlé, kó kọ́kọ́ wo ibi tí ọmọ rẹ̀ ń sùn.