Orin Tí Wọ́n Fi Lé Adìẹ

Àlọ́ o!
— Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Adìẹ lórí.

Àṣá pa Àkùkọ, ọmọ Adìẹ. Àwọn Ẹyẹlé tí Àkùkọ kọ́ lórin sunkún rẹ̀. Nígbà tó yá, Àṣá wá bá wọn kọrin, wọ́n sì fi í jọba. Ta ló tó sọ pé ọba ló pa á? Ẹyẹlé bá dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló pa Àkùkọ?
— Adìẹ ni!
Ọ̀dá dá.
— Adìẹ ni!
Omi kànga rùn.
— Adìẹ ni!

Wọ́n lé Adìẹ jáde nílùú. Ó ní, "Ọmọ tèmi lẹ ń sunkún o! Ilé mi ló ti kọ́ orin tó kọ́ yín."

Ta ló pa Àkùkọ?
— Adìẹ ni!

Ẹ̀yin ọmọ, ohùn yín mà dùn o! Ṣebí mo ti sọ fún yín pé Àṣá ni. Kí lẹ wá ń bá Ẹyẹlé gbè fún?