Ìdí Tí Àwọn Èèrà Fi Ń Forí Kan Orí Lójú Ọ̀nà

Nígbà láéláé, kí Èèrà tó di ẹni tí kì í jókòó, oorun ni iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá ti sùn, kò ní jí títí oòrùn ọjọ́ kejì á fi kan àtàrí. Ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá kù ló fi ń wá oúnjẹ.

Ohun kan ló ń bà á nínú jẹ́. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, kò lè jáde mọ́, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń sọ pé, "Wá jókòó tì mí díẹ̀." Ṣùgbọ́n kí Èèrà tó wá oúnjẹ tán, oorun a tún ti dé.

Ló bá gbéra, ó tọ Ẹlẹ́dàá lọ. Eégbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Eégbọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì wá iṣẹ́ kankan.

Ẹlẹ́dàá gbọ́ tẹnu Èèrà. Ó ní, "Ohun méjì ló wà níbí. Ẹni tó bá mú èkíní, oorun díẹ̀ á tó o, ara rẹ̀ á sì le. Ẹni tó bá mú èkejì, oúnjẹ aṣaralóore á máa bá a níbi tó jókòó sí. Èèrà, ìwọ lo mú ẹjọ́ wá, kọ́kọ́ mú tìẹ."

Eégbọn rọra sọ sí i létí pé, "Oúnjẹ ni kó o mú. Tó o bá ti yó láìjáde, ìwọ àti ìyá wa lẹ jọ máa wà látàárọ̀ dalẹ́."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ nítorí pé ọ̀lẹ ló sọ ọ́, Èèrà kò kà á sí.

Ó ní, "Kí n máa jẹ ohun tí mi ò wá? Ojú á tì mí. Bàbá, ẹ bá mi dín oorun kù."

Bí Eégbọn ṣe gba oúnjẹ nìyẹn. Etí ajá ni Ẹlẹ́dàá gbé e sí. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ikùn rẹ̀ ń wú.

Lọ́jọ́ kejì, Èèrà jí ní kùtùkùtù. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹrù kan péré." Ó gbé èérún àkàrà kan wálé. Ó tún rí òmíràn. Ó ní ó ku ẹyọ kan. Ọ̀sán pọ́n, ó ṣì ku ẹyọ kan. Tó bá fẹ́ jókòó, ẹsẹ̀ a máa yún un, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń retí. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ó fara ti ògiri, ó rọra jáde sójú ọ̀nà.

Èèrà rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ẹrù sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ wo ló ń kọjá lára ìyá rẹ̀ láìkí i? Tó bá lanu, ẹrù á bọ́. Tó bá kúnlẹ̀, ẹrù á dà nù. Ó dúró. Ó lè sọ ẹrù náà kalẹ̀ o. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Ìyá wò ó títí. Àánú ọmọ náà ṣe é.

Ó ní, "Má kúnlẹ̀. Gbé orí ẹ wá."

Ó fi orí tirẹ̀ kan orí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o sùn? Ṣé o jẹun?"

Èèrà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ.

"Ó dáa. Máa lọ, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà, tí èèrà méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á forí kan orí, wọ́n á sì kọjá. Gbogbo ohun tí ìyá àti ọmọ fẹ́ bá ara wọn sọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ọ́ tán.