Ìdákẹ́ Awẹ́ró Lórí Afárá

"Ìjà kì í dé orí afárá." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí ní Òkè-Ìrorò, abúlé orí òkè tó fẹ̀yìn ti adágún. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ìjà tó ń dé ààfin, tó ń dé ìdí òkú, kí ló dá a dúró létí afárá?

Afárá òkúta àtijọ́ kan ló kọjá lórí ọrùn adágún náà. Kò ní ohun ìdìmú, ẹnìkan ṣoṣo ló sì gbà. Kùrukùru kì í kúrò lórí rẹ̀ láàárọ̀, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gùn ún yóò kọ́kọ́ ké pé, "Ó ku ẹni?" Bí ẹnìkan bá wà lórí rẹ̀, á dáhùn pé, "Ó ku èmi," onítọ̀hún á sì dúró.

Àpáta tí wọ́n ń sá èlùbọ́ sí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Awẹ́ró àti ìyálé rẹ̀. Ìyálé gbá èlùbọ́ Awẹ́ró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sá tirẹ̀ síbẹ̀. Awẹ́ró búra pé òun kò ní dá a lóhùn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Awẹ́ró pọn ọmọ, ó ru agbọ̀n iṣu, ó gun afárá. Ó ti dé àárín nígbà tí ohùn kan ké lódìkejì: "Ó ku ẹni?"

Ó mọ ohùn náà. Ó panu mọ́. Ó rò pé bí òun bá yára, òun á ti sọ̀ kalẹ̀ kí ìyálé tó gbẹ́sẹ̀. Àfi bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí òkúta, tó ń bọ̀. Kò lè yí padà pẹ̀lú ẹrù, omi ń ró nísàlẹ̀, kò sì rí i. Kó tó la ẹnu láti dáhùn wàyí, ìyálé ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n kọlu ara wọn. Iṣu dà. Ó pẹ́ kó tó ró nínú omi. Awẹ́ró ṣubú dojú bolẹ̀, ó ń fọwọ́ tálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ọwọ́ ìyálé rẹ̀ tó ti yọ̀ kúrò lórí afárá, tó rọ̀ mọ́ etí òkúta. Ó dì í mú. Bó ṣe ń fà á lòun náà ń yọ̀ lọ, tí ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó, ìwọ ni? Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, ìyálé mi. Ìjà wa ni kò jẹ́ kí n dáhùn."

"Ìjà wa ò dé ibí." Ó mí kanlẹ̀. "Fi mí sílẹ̀, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ."

Awẹ́ró kò fi í sílẹ̀. Ìyálé ló já ọwọ́ ara rẹ̀ gbà, ó sì já sínú omi.

Láti ìgbà náà, ọ̀tá méjì lè má kíra wọn lójà, wọ́n lè má jẹun pọ̀. Bí ọ̀kan bá ké létí omi, èkejì á dá a lóhùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìbínú pa ohun tó lè gba ẹlòmíràn là mọ́nú, wọ́n á rán an létí pé ìjà kì í dé orí afárá.